Ẹkún Inú Ìwé Ìyìn

Lẹ́tà méjì dé láti Àgbádárìgì lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àwọn tó kọ wọ́n kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bèèrè. Mo tẹ méjèèjì síbí, mo sì fẹ́ dá wọn lóhùn pọ̀, nítorí ìdáhùn ọ̀kan wà nínú ìbéèrè èkejì.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Olóòtú ọ̀wọ́n, ó ti pé ọdún 16 tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 19, kú lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mẹ́ta. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n sin ín tí wọ́n fi ní kí n wá darí orin ìyìn níbi ìsìn ìdúpẹ́. Mo gbé orin àkọ́kọ́, ẹkún sì gbé mi. Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ẹkún yẹn fi hàn pé n kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, pé Bíbélì ní kí á máa yọ̀ nígbà gbogbo. Láti ọjọ́ náà, ohùn mi kò jáde mọ́. Bí mo bá ṣí Orin Dáfídì, Sáàmù 88 nìkan ló ń bá ọkàn mi sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí n kò rí ìyìn kankan níbẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ń dá? — Ìyá Akọrin, Àgbádárìgì.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. A ka Sáàmù 22. Láti ẹsẹ kìíní ni onísáàmù ti ń ké pé Ọlọ́run kọ òun sílẹ̀, àfi bó ṣe dé ẹsẹ 22 tó bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ọlọ́run láàrin ìjọ. Ọmọbìnrin kan wá bi mí pé, “Kí ló ṣẹlẹ̀ láàrin ẹsẹ 21 àti 22?” N kò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀? — Olùkọ́ Ọ̀dọ́, Àgbádárìgì.

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìrójú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ tún rí irú rẹ̀ mọ́. Kò yẹ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa dúró de àlàyé gígùn kó tó gbọ́ èsì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kíákíá: ẹ kò dẹ́ṣẹ̀. Irú ẹkún tí ẹ sun níwájú ìjọ wà nínú Ìwé Mímọ́, inú ìwé tí àwọn Júù sì fún ní orúkọ ìyìn gan-an ló pọ̀ sí jù.

Ìwé tí àwa ń pè ní Orin Dáfídì, Tehillim ló ń jẹ́ ní èdè Hébérù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “àwọn ìyìn”, láti inú gbòǹgbò kan náà tí “Halelúyà” ti jáde. Orin 150 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà wọ́n, tó sì ń pín wọn sí oríṣi bó ti ń kà wọ́n lọ, yóò rí i pé orin arò ló pọ̀ jù: orin ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, ẹni tí ọ̀rẹ́ dalẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ọ̀tá yí ká, ìlú tí ogun fọ́. Àwọn tó to ìwé náà jọ kò ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ “ìyìn” ni wọ́n kọ sí iwájú gbogbo rẹ̀. Ó ṣe kedere lójú tèmi pé wọ́n ka ẹni tí ń ké sí Ọlọ́run pé “Yóò ti pẹ́ tó?” mọ́ àwọn tí ń bọlá fún un, nítorí ẹni tó ti pa Ọlọ́run tì kì í bá a jà, kì í sì í bi í léèrè ohunkóhun.

Ní ti Sáàmù 88 tó ń bà yín lẹ́rù, mo bẹ̀ yín, ẹ padà lọ wo àkọlé rẹ̀, ibi kékeré tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò kọjá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé orin àwọn ọmọ Kórà ni, pé Hémánì ará Ésírà ló ni ín, àti pé olórí akọrin ni kí wọ́n kó o fún. Ta ni àwọn ọmọ Kórà? Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 20, fi wọ́n hàn wá bí wọ́n ṣe dìde dúró láti fi ohùn rara yin Ọlọ́run Ísírẹ́lì. Akọrin ni wọ́n, Ìyá. Orin tó ṣókùnkùn jù lọ nínú ìwé náà, ọwọ́ ẹgbẹ́ akọrin ló wà, ẹgbẹ́ tó ń kọ orin ìyìn náà ló ń tọ́jú rẹ̀, wọn kò sì jù ú fún ẹnì kan ṣoṣo pé kó lọ máa dá a kọ nínú yàrá.

Ẹsẹ 18 ni orin náà ní. Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tó parí rẹ̀ ni òkùnkùn, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ó pe Olúwa ní Ọlọ́run ìgbàlà òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ké pè é nínú orin kan ṣoṣo, ní ẹsẹ 1, ní ẹsẹ 9 àti ní ẹsẹ 13, lọ́sàn-án, lóru, àti ní òwúrọ̀. Ẹ sì ní ẹ kò rí ìyìn níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló fi ṣe. Láti ẹsẹ 10 lọ, ó bi Ọlọ́run bóyá òkú lè dìde kí ó yìn ín, bóyá wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àánú rẹ̀ nínú ibojì. Sáàmù 6 béèrè irú rẹ̀, Sáàmù 30 náà béèrè rẹ̀ pé ṣé erùpẹ̀ ni yóò máa yin Ọlọ́run. Ohun tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń sọ ni pé ìyìn Ọlọ́run ṣọ̀wọ́n lójú àwọn, pé ó ń dùn wọ́n bí ikú ṣe fẹ́ pa á mọ́ àwọn lẹ́nu. Ìyá tó ń sunkún pé ohùn òun kò jáde mọ́, ohun tí Hémánì ń sun ẹkún rẹ̀ ló ń sun.

Olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n yà sí ọ̀dọ̀ yín. Ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní 1934, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Joachim Begrich, dámọ̀ràn pé ní tẹ́ńpìlì, bí ẹni tí ń jìyà bá ti rojọ́ tán, àlùfáà á dìde, á sì sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kan fún un lórúkọ Ọlọ́run, pé inú ọ̀rọ̀ tí a kò kọ sínú orin náà ni ìyípadà ti wá. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí ní Sáàmù 12 a gbọ́ ohùn Ọlọ́run fúnra rẹ̀ láàrin orin pé òun yóò dìde nítorí àwọn òtòṣì. Bẹ́ẹ̀ ni Élì àlùfáà ṣe sọ fún Hánà, obìnrin tó ń sunkún nítorí àìrọ́mọbí, pé kó máa lọ ní àlàáfíà, tí Hánà kò sì fajú ro mọ́, kó tó di pé oyún kankan dúró. Àwọn mìíràn gbà pé ẹ̀jẹ́ ni ìyìn náà, ìyẹn ni pé ẹni náà ń sọ ohun tí yóò ṣe bí ìdáǹdè bá dé. Àwọn mìíràn tún ní ọjọ́ gígùn ló wà láàrin ẹsẹ méjèèjì, pé ẹni tó kọ ẹsẹ 21 lórí ibùsùn ló wá kọ ẹsẹ 22 lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá tán.

Ẹ lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ wọ́n, ẹ jẹ́ kó tún orin náà kà, nítorí ìyìn kò dúró de ẹsẹ 22. Ní ẹsẹ 3, lẹ́yìn igbe kíkọ̀sílẹ̀ gan-an, onísáàmù ti pe Ọlọ́run ní mímọ́, ẹni tó fi ìyìn Ísírẹ́lì ṣe ìtẹ́. Ní ẹsẹ 4 àti 5, ó ní àwọn baba wa gbẹ́kẹ̀ lé e, ó sì gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà ló wá ní ẹsẹ 6 pé ní ti òun, kòkòrò ni òun, òun kì í ṣe ènìyàn. Ṣé ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ta? Ìyìn yẹn kò tù ú lára rárá, ńṣe ló dá kún ìrora rẹ̀. Bí kò bá gbọ́ rí pé Ọlọ́run ń gbani, kí ni ì bá máa bi í pé èéṣe sí? Sáàmù 44 rí bẹ́ẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé a ti fi etí wa gbọ́, àwọn baba wa ti sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ fún wa, ó sì parí sí kíké pé kí Olúwa jí, èéṣe tó ń sùn. Sáàmù 89 gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹsẹ 37 ló fi kọrin ìṣeun Ọlọ́run àti májẹ̀mú tó bá Dáfídì dá, tó fi di pé ní ẹsẹ 38 ó yíjú padà, ó ní ṣùgbọ́n ìwọ ti ta á nù. Inú ìyìn ni arò àwọn Hébérù ti ń mu omi. Ẹni tí kò gba ìyìn gbọ́ kò ní ohun tí yóò fi rojọ́.

Ìran Yorùbá kò ṣàjèjì sí èyí. Nígbà tí àgbà obìnrin bá dúró lórí òkú, oríkì ló ń kì, kì í ṣe èébú ikú ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí oríkì náà bá sì ṣe ń dùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni omijé ń pọ̀ sí i lójú àwọn tó ń gbọ́. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyàwó tí ń lọ sílé ọkọ á sun ẹkún ìyàwó, yóò máa yin ìyá àti baba rẹ̀ nínú ẹkún náà. Kò sẹ́ni tí yóò bi í pé ìyìn ló ń ṣe ni tàbí ẹkún ló ń sun.

Olùkọ́, ẹ tún kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má ṣe rò pé arò ló máa ń ṣáájú, tí ìyìn á sì máa kẹ́yìn nígbà gbogbo. Sáàmù 40 fi ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run ti fa onísáàmù jáde láti inú ihò, ó ti fi orin tuntun sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí orin náà tó parí, wàhálà ti tún dé, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa má ṣe pẹ́. Apá ìkẹyìn orin náà, apá ẹ̀bẹ̀, ni a tún rí lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bíi Sáàmù 70. Jeremáyà orí 20 le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ 13 ní kí á kọrin sí Olúwa, kí á yìn ín, nítorí ó ti gba ọkàn aláìní. Ẹsẹ 14 tó tẹ̀ lé e ní kí ọjọ́ tí a bí wòlíì náà di ọjọ́ ègún. Kò sẹ́ni tó ṣí ẹsẹ kankan nípò kí ọ̀rọ̀ náà lè dùn létí.

Ẹkún Jeremáyà náà, ìwé tí ìparun Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn ará Bábílónì bí, orí márùn-ún ló ní. Orí mẹ́rin àkọ́kọ́ tẹ̀ lé lẹ́tà 22 tí èdè Hébérù ní, láti èkíní dé èyí tó kẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ sun ẹkún náà kó má ku lẹ́tà kan. Àárín ìwé náà, ní orí 3, la ti rí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, pé àánú Olúwa ni kò jẹ́ kí á parun, pé ọ̀tun ni ní òròòwúrọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé àárín ni, kì í ṣe ìparí. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú orí kan náà, omijé tún ń ṣàn. Ẹsẹ tó parí ìwé náà sì nira débi pé nígbà tí àwọn Júù bá kà á nínú sínágọ́gù ní ọjọ́ ààwẹ̀ Tisha B’Av, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣèrántí ìparun tẹ́ńpìlì, wọ́n á tún ẹsẹ 21 kà lẹ́yìn ẹsẹ 22, kí ó má bàa jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kíkọ̀sílẹ̀ ló kẹ́yìn létí. Wọn kò pa ẹsẹ 22 rẹ́, kíkà ni wọ́n ń kà á.

Ìyá, mo padà sọ́dọ̀ yín, nítorí àgbà tó bá yín wí ṣì wà lọ́kàn mi. Mo gbà pé ire ló fẹ́ yín. Ṣùgbọ́n Páálù tó ní kí á máa yọ̀ nígbà gbogbo, òun náà ló kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé kí wọ́n máa bá àwọn tí ń sunkún sunkún. Élì náà wo Hánà tí ń gbàdúrà pẹ̀lú ìkorò ọkàn, ó rò pé ọtí ló mu. Àlùfáà ni Élì, síbẹ̀ ó ṣì í mọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù sì fi odidi orí púpọ̀ gbèjà Ọlọ́run lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀; nígbà tó kù díẹ̀ kí ìwé náà parí, ní orí 42, Ọlọ́run sọ fún Élífásì, ọ̀kan nínú wọn, pé Élífásì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ìránṣẹ́ òun ti sọ ọ́. Jóòbù tó fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ bú ni Ọlọ́run ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òwe náà kò ní kí á nu ojú kí á tó ríran.

Ìlú yín gan-an mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀bá ọ̀sà Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọdá sí Gbẹ́rẹ̀fù, wọ́n á sì rìn dé etí òkun, ibi tí ẹni tó bá dé kò ní padà mọ́. Ìlú kan náà ni igi Agia wà nígbà kan rí, igi tí wọ́n wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842. N kò lè ka Sáàmù 137 kí n má rántí etí omi yẹn: létí odò Bábílónì, àwọn tó kó Ísírẹ́lì lẹ́rú ní kí wọ́n kọ orin Síónì kan fún àwọn, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sì fi háàpù wọn kọ́ sórí igi. N kò fi ìjọ yín wé Bábílónì o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé Bíbélì tọ́jú orin àwọn akọrin tí kò lè kọrin mọ́, ó sì kà á mọ́ ìyìn. Àjàyí Crowther, ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wà ní Àgbádárìgì ní 1845. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821 ni. Nígbà tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ńṣe ni wọ́n di ara wọn mú, tí wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, tí omijé sì ń dà lójú ìyá rẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ọ̀rọ̀ náà nígbàkigbà tí mo bá rí “ẹkún” àti “ayọ̀” lórí ìlà kan náà nínú Bíbélì wa.

Bí ẹgbẹ́ akọrin yín bá béèrè bóyá ẹni tí ń sunkún lè dúró láàrin wọn, ẹ fi Ẹ́sírà orí 3 hàn wọ́n, ẹsẹ 10 sí 13. Àwọn ìgbèkùn ti padà dé, wọ́n fi ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì tuntun lélẹ̀, àwọn àlùfáà fun fèrè, àwọn ọmọ Ásáfù lu kíńbálì, wọ́n kọrin pé Olúwa ṣeun, àánú rẹ̀ dúró láéláé. Àwọn àgbàlagbà tó fojú rí tẹ́ńpìlì àkọ́kọ́ bú sẹ́kún, wọ́n ké kíkan, nígbà tí àwọn mìíràn ń hó fún ayọ̀, àwọn ènìyàn kò sì lè mọ ariwo ayọ̀ yàtọ̀ sí ariwo ẹkún, ariwo náà sì dún dé ọ̀nà jíjìn. Kò sí ibi tí wọ́n ti bá àwọn àgbàlagbà wọ̀nyẹn wí nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jáde kí orin tó máa lọ.

Nítorí náà, tí ẹ bá lè ṣe é, ẹ padà sí àyè yín láàrin ẹgbẹ́ akọrin, ẹ jókòó, ẹ má darí orin kankan fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn yòókù máa gbé e. Ní ilé, ẹ máa ka Sáàmù 88 láìbẹ̀rù. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ èyí tó kúrú, ẹsẹ mẹ́fà péré ni Sáàmù 13 ní: “Yóò ti pẹ́ tó?” jáde nígbà mẹ́rin ní ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀bẹ̀ gba ẹsẹ 3 àti 4, ìyìn wá wọlé ní ẹsẹ 5. Ẹ kà á sókè. Bí ohùn yín bá dúró ní ẹsẹ 4, ẹ jẹ́ kó dúró níbẹ̀, kí ẹ pa ìwé dé, kí ẹ lọ sùn. Ẹsẹ 5 á ṣì wà níbẹ̀ ní ọ̀la.